Fi Òkùnkùn Díẹ̀ Sílẹ̀

Fọ́tò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.
Inú ọ̀rá ṣúgà ni Àmúdátù ti yọ ọ́,
ó gbé e sórí káńtà mi lẹ́yìn Ọjà-Ọba,
ó fi ìka kan tì í sọ́dọ̀ mi bí ẹni ń ti owó oògùn:
"Ìyá mi nìyẹn. Bá mi tan iná sí i lójú."

Mo yà á wọnú kọ̀ǹpútà.
Wùsámọ̀tù, amọ̀kòkò, ará Dada,
ó dúró létí ebu, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí,
èéfín ewé àti èèpo igi gùn ún léjìká.
Ọgbọ̀n ọdún nínú àpótí ti jẹ ìyókù:
aṣọ, ara, ògiri, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo,
bí ògì tí wọ́n bomi là jù.

Ní igun ojú ẹ̀rọ, òkè kékeré kan wà
tí ẹ̀rọ fi ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí.
Fọ́tò tó jí pépé, òkè rẹ̀ a nà láti òsì dé ọ̀tún.
Ti Wùsámọ̀tù gún sókè láàrin gbùngbùn,
ó dá dúró bí òkè Sóbi,
kò ní dúdú, kò ní funfun,
kò mọ ará òsì, kò mọ ará ọ̀tún.

Mo ṣe ohun tí oníbàárà ní kí n ṣe.
Mo wọ́ ìmọ́lẹ̀ sápá ọ̀tún.
Ògiri mọ́. Ìborùn mọ́. Iwájú orí mọ́.
Mo tún wọ́ ọ.
"Ó ń dára," Àmúdátù wí, ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ,
"tún fi kún un, tún fi kún un,"
bí ẹni ń tọrọ èènì lọ́wọ́ elépo,
títí ó fi dákẹ́.
Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún, ó tún un lò.
"Pélé ojú ẹ̀ dà?"

Kò sí pélé mọ́.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ń dán bí àwo tánganran.
Obìnrin tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni,
wọ́n lè fi ṣe ìpolówó ọṣẹ.

Ó yẹ kí n ti mọ̀, kí n má parọ́.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.
Ìyàwó tó fẹ́ pupa, mo ti fọ̀ ọ́ di pupa;
mo ti fọ olóògbé kan títí ọmọ rẹ̀ fi bi mí
pé ta gan-an la fẹ́ sin.
Owó ni. Iná ń lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ń wọ́n,
mi ò kì í bá oníbàárà jiyàn.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.
Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀.
Òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ wá lọ,
mo fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń sọ korobá sí kànga,
kí dúdú dúdú, kí funfun tó mọ ipò ara rẹ̀.
Òkè kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.
Ilà kan yọ.
Ó yọ lábẹ́ ojú ọ̀tún, tẹ́ẹ́rẹ́,
bíi pé abẹ olóòlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀.
Èkejì tẹ̀ lé e. Ìkẹta.
Òkùnkùn ló kọ ọ́,
ìmọ́lẹ̀ kàn ń kà á ni.

"Èéfín ńkọ́?" mo bi í. "Mo lè nù ún kúrò."
Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́:
"Èéfín wo? Èyí tó san owó iléèwé mi?
Fi í sílẹ̀ jàre.
Ìkòkò tí kò rí èéfín, amọ̀ ni."

Ó ná mi títí mo fi yọ igba náírà.
Nígbà tí mo fi férémù sí i tán,
kò tilẹ̀ wo ojú ìyá rẹ̀ mọ́.
Ó fi oríkèé ìka kan dígí náà, kọ́, kọ́,
ó dẹtí sílẹ̀,
bí ẹni ń wò ó bóyá ó sán.